Ọmọ́nlé

Ìpẹru la wà báyìí, kì í ṣe Semarang.
Mo ní láti máa sọ ọ́ fún ara mi láràárọ̀
kí n tó fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ lórí símẹ́ńtì tútù
nílé tí bàbá mi fi owó obì kọ́.

Ọjọ́ tí a dé, Ṣẹ́gilọlá kò kúnlẹ̀.
Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó tò ó, ẹnu rẹ̀ kọjú síta,
ó gbá ọwọ́ ìyá mi mú, ó fi kan iwájú orí ara rẹ̀
bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbi tí a bí i sí.
Màmá rò pé ibà ló ń ṣe é.
"Yéè, ara ọmọ yìí mà gbóná!"
Ó ti ké sí ìyàwó Ọ̀dúbánjọ pé kó já ewé dóńgóyárò wá
kí n tó ríbi ṣàlàyé.
Àgbo kíkorò ni ọmọ fi wọ ìlú baba rẹ̀.
Kò sunkún. Ó ṣáà ń wò mí.

Lọ́hùn-ún, èmi ni àlejò.
Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe,
àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń sáré tẹ̀lé ọ̀kadà mi.
Síkẹ́ẹ̀tì pupa, ẹ̀wù funfun, mo gbé e sẹ́yìn, ó di iléèwé,
omi òkun ti ya wọ àdúgbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orókùn,
ó ń bú mi lédè ìyá rẹ̀ pé mo ń sáré jù,
mo ń dá a lóhùn lédè ìyá tèmi.
Báyẹn la ṣe ń tọ́ ọmọ:
ìdajì ọ̀rọ̀ ń já sómi.

Màmá tú ewé èbìrìpò níwájú rẹ̀.
"Lontong!" lọmọ mi ké, ó bù ú sẹ́nu,
ojú rẹ̀ yí padà.
Kókò kì í ṣe ìrẹsì.
Síbẹ̀ ó jẹ ẹ́ tán, ó ká ewé náà sí mẹ́rin.
Màmá na ẹja sí i, ó ti fẹ́ wí pé má fọwọ́ òsì gbà á,
ọwọ́ ọ̀tún lọmọ ti nà.
"Ta ló kọ́ ọ?"
"Eyang ni."
Ìyá ìyàwó mi nìyẹn, tí Màmá kò rí rí.
Màmá dákẹ́. Ó ń ka obì sínú agbọ̀n, ó ṣì í kà,
ó tún un bẹ̀rẹ̀.
"Ẹni yẹn mọ ọmọ tọ́. Obì mélòó ló lè jẹ lójúmọ́?"

Iná lọ. Aago mẹ́wàá alẹ́ níhìn-ín,
mẹ́rin ìdájí lọ́dọ̀ Wulan. Ó pè.
Ṣé ó jẹun? Ó jẹ.
Ṣé ó ti sùn? Ó ń purọ́ oorun.
Nǹkan kan ké lára ògiri, ṣáká, ṣáká,
irọ́ oorun bá tú: "Bàbá! Ó tẹ̀ lé wa wá!"
Alángbá funfun kékeré tí ń gbé òkè àjà wa,
tí Eyang máa ń ní tó bá ti ké lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹni,
òótọ́ lonítọ̀hún sọ.
"Kí ni wọ́n ń pè é níbí?"
Láti inú òkùnkùn yàrá kejì, Màmá ní, "Ọmọ́nlé."
Mo túmọ̀ rẹ̀: ọmọ tó nilé,
tí kì í sanwó ilé fẹ́nikẹ́ni.
Ó ronú títí. "Èmi ńkọ́?"

Mo ní, ìwọ náà ni.
Mo ń retí kí ẹranko yẹn ké.
Ó sá lọ sẹ́yìn fọ́tò bàbá mi.
Ẹ̀fọn nìkan ló fèsì.

Ilẹ̀ mọ́. Mo ṣílẹ̀kùn kí n lọ fami.
Bàtà méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, tọmọ mi
àti sílípáàsì Màmá tó ti gé létí,
wọ́n tò wọ́n, méjèèjì kọjú síta.