Àtàǹpàkò Jínádù

Ilẹ̀kùn kan wà lórí ọ̀sà láyé baba ìyá mi,
kò lógiri, kò ní kọ́kọ́rọ́,
irin ni látòkè délẹ̀,
ó jókòó lórí òpó kan ṣoṣo láàárín omi
bí ọmọ ọlọ lórí ìyá rẹ̀.
Tó bá padé, ọkọ̀ ojú irin á gorí ẹ̀ láti Ìdó.
Tó bá ṣí, ìgbòkun Ẹ̀pẹ́ ló lọ̀nà.

Ọkùnrin mẹ́jọ ní ń tì í.
Wọ́n á ki ọ̀pá bọhò, wọ́n á fàyà lé e,
wọ́n á máa rìn yípo, yípo,
bí ẹni tí owó bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.
Eyín irin á máa jẹ eyín irin,
gírísì á máa kán sómi,
Èkó á wá rọra kúrò lára Ìdó.

Jínádù kì í tì í. Àtàǹpàkò niṣẹ́ tirẹ̀.
Bí afárá bá padà, yóò kúnlẹ̀,
yóò fi èékánná wọ́ ibi tí irin méjèèjì ti pàdé.
Bí èékánná bá há,
kò ní gbé àsíá sókè,
òyìnbó ìbáà bú, ọkọ̀ ìbáà fọn fèrè títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ.
Lọ́sàn-án gangan irin a máa wú,
a máa kọ̀ láti wọlé, bí ẹsẹ̀ àgbà nínú bàtà.
Wọ́n á pọn omi ọ̀sà dà á lórí,
wọ́n á dúró, wọ́n á tún dà sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n bí ìyá mi ní Èbúté Mẹ́tà,
afárá ṣí sílẹ̀ gbàgà,
Jínádù wà lórí rẹ̀: kò sí lÉkòó, kò sí ní Ìdó.
Ẹni tó ń ṣínà fáyé
ni kò rọ́nà gbà.
Ọkọ̀ igi ìdáná kan ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀,
atukọ̀ gbójú sókè:
“Jínádù o! Obìnrin ni. Ó ti ké.”
Òun ní òun dáhùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò dáhùn,
pé ńṣe ló ní kí wọ́n yí i padà,
ó kúnlẹ̀, ó na àtàǹpàkò,
èékánná há.
Ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Afárá tòní kì í yí. Kọnkéré ni, ó ti di ilẹ̀;
mo ń gbà á kọjá, n kì í mọ̀gbà tómi bẹ̀rẹ̀.
Ṣùgbọ́n lánàá, nílé wa ní Láfíàjí,
káfíńtà gbé tábìlì tuntun wọlé.
Ìyá mi, tójú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì,
fi èékánná wọ́ ibi tí pákó méjì ti so pọ̀,
ó dúró díẹ̀,
ó ní, “Gbé e padà.”