Àpò Kámẹ́rà

Ọ̀la la ń lọ.
Mo ti ká aṣọ, mo ti da oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin fún adìyẹ
(mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ni wọn ó fi jẹ ẹ́ tán),
mo ní kí n gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù,
okùn rẹ̀ há mọ́ ìkọ́ aṣọ,
ó dún gbàgà nílẹ̀ sìmẹ́ńtì.

Ọdún keje rèé tí mo ti ń tọrọ ìsinmi ní Sẹkitéríàtì.
Wọ́n fọwọ́ sí i ní Ọjọ́bọ̀.
Kámẹ́rà já bọ́ ní Ọjọ́ Ẹtì.

Mo sáré kúrò ní Sángo, mo gba Mọ́kọ́lá já sí Dùgbẹ̀.
Mùráínà jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta,
ó fi irin tó tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ tú u,
ó fẹ́ ẹ nínú bí ẹni ń fẹ́ná,
ó gbé e sétí, ó mì í.
"Àǹtí, ìpéǹpéjú rẹ̀ ló ṣẹ́.
Ó lajú sílẹ̀, kò lè ṣẹ́jú mọ́.
Èkó la ti ń rí irú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì,
bí Ọlọ́run bá fọwọ́ sí i."
Ìfọwọ́sí mìíràn nìyẹn.
Kò gbowó lọ́wọ́ mi. Èyí ló dùn mí jù:
ta ní í gbowó ìwòsàn lórí òkú?

Mo pe Fẹhíntọlá, tirẹ̀ ti bá ọkọ lọ sí Ìlọrin.
Fóònù tèmi ńkọ́? Ẹni tó bá yà,
bí ẹni wà nínú èéfín ni.

Ẹsẹ̀ ni mo fi padà, inú ń bí mi, n ò fẹ́ wọ mọ́tò.
Lórí òkè Mọ́kọ́lá mo bojú wẹ̀yìn:
oòrùn ń wọ̀, gbogbo páànù tó ti dípẹtà
ń pọ́n bí èédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́.
Ọmọkùnrin kan gbé táyà kẹ̀kẹ́ kọ́rùn, ó ń jẹ àgbàdo.
Ìka ìfábẹ̀lá mi tẹ afẹ́fẹ́.
Mo ṣẹ́jú.
Mo lajú, ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀,
àgbàdo rẹ̀ ti dín.
Alákàn ò kúkú ra kámẹ́rà rí.
Irọ́ ni pé ó tù mí nínú. Ó tù mí díẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo rò ó fún Màmá Àgbà,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tí a jọ ń lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà
torí ó fẹ́ fojú kan omi tó ń já látorí àpáta,
omi tó fi wẹ̀ kó tó mọ ọkọ.
Ó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.
"Ó ṣeun. Lọ́dún Àjíǹde tó kọjá,
'Ẹ gbé àgbọ̀n sókè, Màmá' ni mo gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.
O ò bá mi sọ̀rọ̀ kan."

N ò fèsì.
Mo kó ẹ̀pà yíyan sínú àpò kámẹ́rà,
mo fi gíláàsì ojú Màmá Àgbà há ibi tí lẹ́ńsì ń gbé.
Kámẹ́rà fúnra rẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé,
mo kọjú rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.
Níwọ̀n ìgbà tí kò lè ṣẹ́jú,
kó bá mi ṣọ́ àwọn adìyẹ.