Mo Tún Padà sí Ení

Orúkọ rẹ̀ gùn, a gé e kù sí Tíṣà Wíjé.
Ìṣirò ló kọ́ wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ láti Siri Lánkà,
yàrá kan ló gbà ní Alékúwodò, lẹ́yìn ilé ìyá mi.
Ní ìdájí a máa ń yọjú wò ó lójú fèrèsé:
ó ká ẹsẹ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó pa díẹ̀,
kò kọrin, kò sì sùn.
Àbẹ̀bí ní owó ló ń pè.
Èmi ní àárò ilé ló ń sọ ọ́.
Ó gbọ́ wa. Ó ní ẹ̀kọ́ Búdà tí ìyá òun fi lé òun lọ́wọ́ ni:
"Èémí mi ni mò ń kà. Mi ò tíì kà á dé ẹ̀wá rí."
Olùkọ́ ìṣirò! A rẹ́rìn-ín títí dé ilé-ìwé.

Ogójì ọdún rèé. Mò ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Òkè-Fíà.
Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo dojú agolo ọ́ìlì dé, mo jókòó lé e.
Òun ní ẹní, èmi ní agolo, ení kan náà la jọ ń kà.
Ení: ó wọlé, ó tutù nínú ihò imú.
Èjì: ó jáde.
Ẹ̀ta: owó ilé oṣù mẹ́rin.
Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi sọ nídìí sàréè bàbá wa,
"Kí ni ìwọ tìẹ rí ṣe?"
tún yọ́ wá, ó jókòó tì mí.
Mi ò lé e. Mi ò bu omi fún un mu.
Ó pẹ́ títí, ó dìde fúnra rẹ̀.
Mo tún padà sí ení.

Àlùfáà Bùsárì bi mí bóyá mo ti yí ẹ̀sìn padà.
Mo ní rárá o, ìjókòó ni mo jókòó.
Kò jọ ẹni tó gbà,
ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀ wá kí n bá a wò ó.

Ẹ má bi mí bóyá mo ti là.
Páànù ilé ṣì ń jò sórí ibùsùn.
Àmọ́ láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń fọ ife tíì,
mo mọ̀ pé ife ni mò ń fọ̀:
ìdí rẹ̀ tó ti dúdú, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárín ìka,
ọmọ-ọmọ mi ń pariwo ẹ̀gbẹ́ bàtà kan tó sọnù.
Inú mi kàn dùn, láìnídìí,
bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọ aṣọ tí òwú kò já.

Tíṣà ti padà sílé tipẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà.
Bó bá wà, kí ẹnì kan bá mi sọ fún un:
mo kà á dé èje lọ́jọ́ Ẹtì,
kí ọ̀kadà kan tó fọn fèrè.