Ọjọ́ Wo Gan-an?

Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti Toronto,
ojú ewé mọ́kànlá.
Ní ojú ewé kejì, àpótí kékeré kan wà,
kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ:
ọjọ́ wo gan-an ni ìpalára náà ṣẹlẹ̀?

Reino di kálámù mú.
Ó wo adágún tó ti dì gbagidi lẹ́yìn fèrèsé,
ó ní, "Delphine, ọjọ́ wo?"

Ṣé ọjọ́ àká ọkà ni, létí èbúté,
tí àlìkámà jó fún ọjọ́ mẹ́ta
tí gbogbo àdúgbò ń rùn bí búrẹ́dì?
Ṣé ọjọ́ táyà ni, tí òjò dúdú ń kán sórí yìnyín,
tí wọ́n jókòó ti èéfín jẹun ọ̀sán?
Àbí òru tó gbé ọmọ Wasylyk jáde,
tí mátírẹ́sì ń yọ́ bí òrí,
tó bọ́ ìbòjú tirẹ̀ fún ọmọ náà
fún ìwọ̀n èémí mẹ́rin péré?
Ọmọ yẹn ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù báyìí.
Ó máa ń fun fèrè bó bá ń kọjá níwájú ilé wa.

Èmi náà ní tèmi, àpótí ò gbà á:
ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo fi fọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀
pọ̀ mọ́ aṣọ ìléèwé àwọn ọmọ,
omi ń jáde bí aró.
Iná ò tán láṣọ,
ẹ̀jẹ̀ ò tán léèékánná;
ó ti dé áńkáṣíìfù Reino.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ ní: ó mu sìgá rí.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún méjì, nígbà tó wà lọ́mọ ogún.
Wọ́n ka igi sìgá, wọn ò ka ilé.

Owó gbà-má-bìínú ni wọ́n ń pè é.
Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, a ò tíì gbà,
ẹ ti ní ká má bìínú.

Lálẹ́ àná mo lọ sí gáréèjì.
Ìbòrí rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà lórí ìṣó.
Mo gbé e símú: ọkà, táyà, mátírẹ́sì,
gbogbo wọn ń gbé ibẹ̀ bí ayálégbé tí kì í sanwó.
Mo ká a sínú àpòòwé pẹ̀lú ojú ewé mọ́kànlá.
Nínú àpótí kékeré, mo kọ ọ́: Ẹ gbóòórùn rẹ̀.

Dọ́là mọ́kàndínlógún ni owó ìfìwéránṣẹ́.
Obìnrin tó wà ní káńtà bi mí
bóyá ohun inú rẹ̀ lè gbiná.
Ìlà ti gùn lẹ́yìn mi.
Mi ò mọ èyí tí mo máa sọ.