Bàbà Hu Irùngbọ̀n

Ìsìnkàn ni mo ti ra bàbà náà
lọ́wọ́ Akínbọ̀sún tó ń ta àlòkù irin,
pẹlẹbẹ kan, kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.
Mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán,
tí mo rí imú ara mi nínú rẹ̀.

Mo tì í sínú iléru ní Ọbańlá, wákàtí mẹ́rin.
Nẹ́pà mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì.
Nígbà tí mo yọ ọ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ọ̀gá Olúwatúyì wò ó: “O ti jó o.”
Mo dákẹ́. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ẹ̀rọ tó lè rí i kò sí lọ́dọ̀ wa;
mo fi ránṣẹ́ sí ìlú ibòmíràn.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, àwòrán já sórí fóònù mi
lábẹ́ páànù tó ń jò, lẹ́nu géètì.

Irun!
Ó ṣóńṣó lórí, ó pọ̀ pitimu
bí koríko etí ọ̀nà Ìdànrè.
Ẹ to ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lára wọn,
kò fẹ̀ tó fọ́nrán kan lórí mi.
Ooru ló fún bàbà mọ́lẹ̀,
ó wá ibi sá sí, ó gba òkè jáde.

Ọ̀gá wọ gíláàsì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín:
“Bàbà ti hu irùngbọ̀n. Ẹ wá kí bàbá.”

Mo kán omi sí i lọ́jọ́ náà, ó fà á mu.
Mo gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀.
Lẹ́yìn oṣù kan mo tún kán an:
omi yí gbirigbiri bí ẹni wà lórí ewé kókò,
bàbà ò jẹ́ kó fara kan òun.

Ta ló kọ́ ọ?
Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: n kò tíì mọ̀.