Ọkọ̀ Tí Ń Sáré Lójú Kan

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ní Grimsby,
òtútù etí òkun ń fi eyín gé mi létí.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mi ò tíì fẹsẹ̀ kan nǹkan kan
tí ọkọ̀ fi figbe ta.
Abẹ́rẹ́ gbéra, ó kọjá ẹgbẹ̀rún kan,
ó kọjá ẹgbẹ̀rún méjì, ó wá jókòó sí ìtòsí mẹ́ta
bí àlejò tí ẹnìkan ò fún lága.
Ojúlé kẹtàdínlógún tan iná.
Ojúlé kọkàndínlógún fa kọ́tìnnì.
Mo pa á.
Máìlì mẹ́ta ni mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé iṣẹ́ ẹja,
mo ń bá irin bínú.

Nígbà tó di Sátidé mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
mo pe bàbá mi ní Ìgbẹ́tì.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi na ẹ̀yìn sábẹ́ ọkọ̀ olówó
títí ọ́ìlì fi di àwọ̀ èékánná rẹ̀.
"Gbé fóònù sún mọ́ ọn."
Mo gbé e sún mọ́ ọn.
Ẹ́ńjìnnì ń ké, owó fóònù ń jó,
Bàbá dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
"Wáyà ìtẹ̀sẹ̀ ló há. Ta ọ́ìlì sí i."
Bàbá, ọkọ̀ yìí ò ní wáyà ìtẹ̀sẹ̀,
iná ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i.
"Kò ní wáyà?"
Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dénú.
"Kí wá ni ẹsẹ̀ yín ń fà?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo fi àkísà nu ọ̀fun tó ń gba afẹ́fẹ́,
ó dú bí ìdí ìkòkò.
Mo tú bátìrì, mo ka ení, èjì dé ọgọ́rùn-ún, mo dè é padà.
Ó ṣì ń ké.
Mo ra ẹ̀yà kan ní pọ́n-ùn méjìdínlógójì.
Ti tẹ́lẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, tuntun ò sàn jù ú lọ.
Ó ṣì ń ké.

Ìgbà náà ni Maureen ojúlé kẹtàdínlógún jáde,
kóòtù lórí aṣọ ìsùn.
Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu.
Kò bá mi jà. Rọ́bà tó fi ń bomi rin òdòdó ló gé lọ́wọ́,
ó ki orí kan bọ etí,
ó ń fi orí kejì wá inú irin kiri
bí ajá tó gbóòórùn.
Ọkọ òun, ó ní, ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja
kí wọ́n tó ta àwọn ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń rún irin.
"Ibí nìyí. Gbọ́."
Mo gbọ́ ọ: fíìì,
tín-ín-rín, bí ẹni tó ń fi eyín fa èémí.
Rọ́bà kan tí kò ju ìka ọmọdé lọ
ló sán lẹ́yìn, níbi tí ojú ò dé.

Gbogbo igbe yẹn, afẹ́fẹ́ ni.
Afẹ́fẹ́ tí ẹnìkan ò kà,
tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.
Ẹ́ńjìnnì rò pé a ní kó sáré ni, ó sì ń sáré.
Kò ya olórí kunkun.
Iṣẹ́ tí ẹnìkan ò rán an ló ń jẹ́.
Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí,
mo máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì,
àyà mi á máa lù bíi ti ẹni ń sáré gun àpáta.
Dókítà gbọ́ ọ títí, ó ní kò sí nǹkan kan.
Bóyá ẹ̀yìn ni kò wò.

Rọ́bà tuntun, pọ́n-ùn mẹ́ta ó lé díẹ̀.
Maureen ò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n máa bá òun
ti ike ìdọ̀tí síta ní gbogbo Túsìdeè.

Mo tún pe Bàbá. Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn.
Abẹ́rẹ́ jókòó sí ẹgbẹ̀rin, kò mì.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ṣé ó ti kú ni?"
Rárá, Bàbá, ó ń ṣiṣẹ́.
"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."
Mo tún gbé fóònù sún mọ́ ọn sí i.