Ẹnu Wọn Bára Mu

Bàbá Olúmọ̀dejì fi gèlè ìyàwó rẹ̀ wé e wá
bí ẹni gbé ọmọ tí ibà ń ṣe
lọ sí ọsibítù lóru.
Ó gbé e lé tábìlì mi lábẹ́ igi kajú,
lọ́nà Ìyàrà, ní Kábbà, níbi tí eruku pupa
ti ń bá gbogbo ẹ̀rọ mulẹ̀.
"Òkun o, ọmọ mi. Kọ̀ǹpútà yìí ti kú."

Mo ní, Bàbá, ẹ má tíì gbẹ́ ilẹ̀.
Ẹ jẹ́ ká bi í léèrè ká tó sunkún.
Ṣé iná wà nílé?
Ó ní iná dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
ó bínú wọlé, ó fọ́ gílóòbù méjì,
ó sì jó ṣájà àtijọ́
títí ó fi ń rùn bí ewúrẹ́ tí a ń wì.
Ó fa òmíràn yọ nínú àpò ike.
"Lọ́kọ́já ni mo ti rà á, lórí báárò.
Ọmọ náà búra fún mi pé ẹnu wọn bára mu."

Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo ki ṣájà bọ ojú iná.
Ojú rẹ̀ là, ó ṣe bíi ewé tuntun.
Mo fi mítà tọ́ ọ wò: fóòtì mọ́kàndínlógún, ó pé.
Mo fi igi ìtayín gbọ́n ihò ara ẹ̀rọ náà,
èèrà kan jábọ́, ó ti gbẹ bí èékánná.
Mo rò pé òun ni.
Òun kọ́.
Mo yọ bátìrì, mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀,
mo ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n,
kí iná tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ lè jáde tán.
Mo dá bátìrì padà.
Ó jí. Ó wò wá bí ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Ó tún sùn.

Ìgbà náà ni mo dojú ṣájà délẹ̀,
mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i nídìí,
lẹ́tà wínníwínní tí àgbà kì í rí láìsí jígí.
Wáàtì márùndínláàádọ́rin ni ẹ̀rọ yín ń jẹ.
Márùndínláàádọ́ta ni eléyìí lè gbé.
Ẹnu wọn bára mu lóòótọ́, Bàbá,
ikùn wọn ni kò dọ́gba.
Tí ẹ bá pa á dé, á máa rọ́ díẹ̀ lá
bí àgbàdo inú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń retí ìrì.
Tí ẹ bá ṣí i, tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́,
ohun tó ń jáde ju ohun tó ń wọlé lọ.

Bàbá dákẹ́. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀.
Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ajá abẹ́ kajú dìde.
"Owó ìfẹ̀yìntì mi lo ń sọ yẹn!
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
Ẹnu èmi àti ìjọba bára mu
lọ́jọ́ tí a fọwọ́ síwèé."

Mo tú páálí tí mo ń kó òkú ẹ̀rọ sí.
Mo rí ọ̀kan, márùndínláàádọ́rin géérégé,
ọrùn rẹ̀ ló kàn bó.
Mo gé e, mo jó o pọ̀, mo fi téèpù dì í.
Mo ní, ẹ má gbé e sórí tìmùtìmù mọ́ o,
kì í jẹ́ kó mí.

Nígbà tí ojú ẹ̀rọ là, iṣẹ́ Bàbá ṣì wà níbẹ̀,
ọ̀rọ̀ Owé tó ń kó jọ
fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Àbújá.
Ó dé orí ọ̀rọ̀ kan, kò tíì fi àmì sí i
kí òkùnkùn tó ká a mọ́ ibẹ̀:
okun.
Ṣé okùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó pọ̀ yìí ni,
àbí okun tí bátìrì kò ní mọ́?
Bàbá gbé ìka sókè, kò tẹ nǹkan kan.
Ẹnì kan ń kọjá lójú títì, ó di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́,
ó ké sí wa: Òkun o!
Àwa méjèèjì dá a lóhùn.